Ilé Ìdáná Àwọn Àgbà

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí wọ́n sọ pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn kò sọ pé ọbẹ̀ sísè ti sú àwọn. Bí a bá lé wọn kúrò nídìí ààrò, wọn a di àlejò nínú ilé ara wọn.

Ẹ wo ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ní Elegbeka, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, tàbí ní ìlú yòówù tí ẹ ń gbé. Níbi tí iná bá wà nílẹ̀ láàrin òkúta mẹ́ta, ẹni tí ń ro ọkà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbàdí a máa ro ó, etí aṣọ a súnmọ́ iná, èéfín a sì kó sí ojú tí kò ríran dáadáa mọ́. Ẹni tí ó ra sítóòfù gáàsì tí ó gbé e lélẹ̀ ti lé èéfín lọ, ṣùgbọ́n kò tíì gba ìbàdí sílẹ̀.

Ìlànà kan ni kí ẹ mú lọ sílé: kí iṣẹ́ gòkè wá bá àgbà, kí àgbà má sọ̀kalẹ̀ lọ bá iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà dúró, kí wọ́n ká apá bí ẹni tí ó di orógùn mú. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ìkòkò àti àdògán jọ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀, pẹpẹ amọ̀ tí yóò gbé wọn kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀ lọ. Ẹ fi amọ̀ lẹ àdògán mọ́ orí pẹpẹ náà, kí ó má baà yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara kì í dúró sójú kan. Ẹni tí ń dúró gé ẹ̀fọ́ lónìí lè fẹ́ jókòó gé e lọ́la. Nítorí náà, ẹ gbé tábìlì wọn lé búlọ́ọ̀kù tí a lè yọ bí ó bá yá. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1940, ẹnjiníà obìnrin kan, Lillian Gilbreth, ṣe ètò ilé ìdáná fún àwọn obìnrin tí àrùn ọkàn ń ṣe, kí wọ́n lè jókòó ṣiṣẹ́, kí ohun èlò sì wà ní àrọ́wọ́tó.

Iyọ̀, ata àti omi kò gbọdọ̀ ga ju èjìká lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ohunkóhun nípò, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá àgbà léèrè. Bí ojú bá ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ni ó mọ ibi tí iyọ̀ wà.