Lókọ́ọ̀sì tí a fẹ́ Tà: Orúkọ Ta ni ó wà nínú Ìwé?

Nínú ìròyìn ìdílé tí à ń tẹ̀ sí ojú ewé yìí, ọ̀kan wọ́pọ̀ púpọ̀: bàbá kan tàbí ìyá kan fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń múra àtilọ sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìjẹ̀bú. A ó jẹ, a ó mu, a ó bá a di ẹrù. Ilé tí ó wà níhìn-ín ńkọ́? Wọn a ní, "A ti rí ẹni tí yóò rà á." Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá nípa ilé olówó pọ́ọ́kú tí a ń pè ní lókọ́ọ̀sì.

Ìjọba Alhaji Shehu Shagari pète láti kọ́ irú ilé yìí 40,000 lọ́dọọdún, bẹ̀rẹ̀ láti 1980. Wọn kò kọ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kọ́kọ́ pín ilé fún ti tà á, ẹni tí ó rà á sì ti tún un tà. Àwọn ènìyàn wa rà nínú wọn, wọ́n kọ́ yàrá kún un, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n mọ odi yí i ká.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ó ń sọ ilé di ti ẹni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ àtigbé ibẹ̀ ni ó kù fún wa. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ tí gómìnà fún ni, abala 22 ní ẹ kò gbọdọ̀ tà á, ẹ kò gbọdọ̀ fi yáwó, ẹ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, láìjẹ́ pé gómìnà fi ọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ sí i, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí a tà á. Nígbà náà, ọ̀dọ̀ gómìnà ni. Abala 26 wá ní ohun tí a bá ṣe ní òdì sí èyí, asán ni.

Nítorí náà rìsíìtì tí a kọ níwájú ẹlẹ́rìí méjì kò tó. Ní rélùwéè níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹrù ni a ń kó ẹrù fún. Ẹlòmíràn lè ti san owó rẹ̀ o, a kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́fíìsì ilẹ̀ rí.

Ẹ wo opó tí ọkọ rẹ̀ ra irú ilé yìí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ó fẹ́ tà á kí àwọn ọmọ lè parí ilé-ìwé. Olùrà dé, lọ́yà rẹ̀ lọ wo ìwé: orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni náà ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé ilé ti wọ́n, wọ́n ní bàbá àwọn kò ta nǹkan kan. Àfi kí ìyá bẹ̀ wọ́n, kí ó sì tún san owó lẹ́ẹ̀kejì. Irú rẹ̀ pọ̀ ju bí a ti ń gbọ́ ọ lọ; ìtìjú ni kì í jẹ́ kí a sọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé kóòtù yóò ṣáà gbè yín nítorí pé ẹ san owó. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ dúró fún owó báǹkì ni ó tún lọ wí pé a kò gba àṣẹ gómìnà. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó gba àṣẹ náà! Síbẹ̀ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre. Ní 1995 ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ẹ lè kọ́kọ́ ṣe àdéhùn kí ẹ tó lọ gba àṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí olùrà má san owó tán kí àṣẹ tó dé, kí wọ́n sì kọ ẹni tí yóò san owó àṣẹ náà sínú àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ ogún ni ó kan àwa tí a wà lẹ́yìn odi jù. Abala 24 ní bí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, àṣà ìlú tí ilẹ̀ wà ni a ó fi pín in. Bí ó bá jẹ́ ti gómìnà, àṣà ẹni tí ó kú ni, àyàfi bí òfin mìíràn bá dé e. Ìjẹ̀ṣà tí ó kú ní Kàdúná, tí ó ní ìwé gómìnà, àṣà Ìjẹ̀ṣà ni a ó tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́ láìgba àṣẹ gómìnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pín yàrá ní ìdí-igi, ẹ gbọ́ o.

Àwọn àgbà tí wọ́n wà ní Gánà ní November 1969, nígbà tí wọ́n fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 láti jáde, mọ bí ilé ṣe ń lọ ní ọ̀pọ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń sáré. Níhìn-ín, àyè ṣì wà. Kí ẹni tí yóò fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú: kí ó kó létà tí wọ́n fi pín ilé àti rìsíìtì owó ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ó bi wọ́n ní orúkọ tí ó wà nínú ìwé wọn. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kí ó yára wá olórúkọ náà kàn nígbà tí ó ṣì wà láàyè.