Ọbẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ Olómi Gaara: Bí Ẹ Ṣe Lè Sè É Nílé Láìséwu

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ìdílé ní Odògbólú àti agbègbè rẹ̀

Kí nìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín wa, inú ìkòkò ọbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú iyọ̀ àti òróró tí à ń jẹ ti ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan. Àwọn ará Guangdong àti Hong Kong ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ní ọbẹ̀ kan tí wọn kì í da òróró sí: egungun ẹlẹ́dẹ̀, karọ́ọ̀tì, àgbàdo àti ata ilẹ̀ ni wọ́n ń sè lórí iná jẹ́jẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi dùn. Gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́jà wa.

Bí ẹ bá ń ra ẹran

Ẹran tí wọ́n pa ní odò ẹran, tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò, ni kí ẹ rà. Lọ́dún 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Arò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àìsàn náà kì í ran ènìyàn, síbẹ̀ ẹ má ra òkúǹbete, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ wo ẹran náà dáadáa. Bí ẹ bá rí kókó funfun wínníwínní bíi hóró ìrẹsì láàárín rẹ̀, ẹ má rà á: ọmọ aràn ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìjinná lè ní aràn gbọọrọ nínú ìfun. Ẹyin aràn náà a máa bá ìgbẹ́ onítọ̀hún jáde. Bó bá ti ara ọwọ́, omi tàbí ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa wọ ẹnu, ó lè dé ọpọlọ, kó sì fa wárápá. Ẹni tí kò fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀ rí pàápàá lè kó o.

Èròjà fún ènìyàn márùn-ún

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ eléegun kílò 1, karọ́ọ̀tì 2, àgbàdo tútù 1, àlùbọ́sà 1, ata ilẹ̀ díẹ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí kábéèjì, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Tẹ̀tẹ̀ pupa yóò pa omi ọbẹ̀ láró, gbúre yóò sì mú kó máa yọ̀.

Bí a ṣe ń sè é

1. Ẹ gé ọ̀rá kúrò. Ẹ da omi tútù lé ẹran lórí, kó hó fún ìṣẹ́jú 5. Ìfófó aláwọ̀ eérú yóò bo ojú omi. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ fọ ẹran àti ìkòkò. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín: adùn ṣì wà nínú egungun.
2. Ẹ da omi gbígbóná lítà 2 sí i, pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù. Ẹni tó ń fi igi dáná, kó fa díẹ̀ síta. Ẹ jẹ́ kó máa hó pẹ̀lẹ́ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ má rú u, kó má baà dàrú.
3. Ẹ fi karọ́ọ̀tì àti àgbàdo sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ bu ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò.
4. Ẹran gbọ́dọ̀ máa já kúrò lára egungun, láìsí àmì ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹ wá da ẹ̀fọ́ tí ẹ ti fọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 3.
5. Iyọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ má fi mágì sí i; iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ lè fi jẹ ìrẹsì ọ̀fadà tàbí iṣu sísè. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láyè lè fi adìyẹ ìbílẹ̀ sè é.

Ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́kù

Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta kó tó wọ fíríìjì. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ padà, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹni tó bá rí nǹkan funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí gìrì ṣàdédé gbé, kó má sọ pé àwọn ayé ló ń ṣe òun. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí. Oògùn aràn yìí wà, àyẹ̀wò ló sì yẹ kó ṣáájú rẹ̀.