Wáyà tó wọ ihò kọ̀ǹpútà wẹ́kú lè ba hard disk yín jẹ́

Tí wáyà bá ti wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà pé ó ti parí nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Power supply ló ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù, ní fóòtì 3.3, 5 àti 12. Àwọn kan wà tó ṣeé yọ wáyà wọn, irú èyí sì làwọn èèyàn máa ń ra wáyà aláràbarà fún.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìlànà ATX tí Intel gbé jáde lọ́dún 1995 ti sọ bí orí wáyà tó ń wọ motherboard ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ṣùgbọ́n orí kejì tó ń wọ power supply, bó ṣe wu kálukú iléeṣẹ́ ló ń tò ó. Kódà, wáyà 24-pin Type 3 ti Corsair yàtọ̀ sí Type 4 tiwọn.

Tẹ́ ẹ bá ṣì í lò, fóòtì 12 lè gba ojú ọ̀nà fóòtì 5. Hard disk lè jó lójú ẹsẹ̀, kí fọ́tò àti iṣẹ́ ọdún pípẹ́ sì bá a lọ.

Kí ni ṣíṣe? Wáyà tó bá power supply wá ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ gbogbo wáyà àtijọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ rí i pé ti power supply yín gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Kí oníṣẹ́ sì fi mítà wọn iná ẹnu wáyà kó tó so hard disk mọ́ ọn.