'Orí mi ń gbóná': Ohun tí ọmọ yunifásítì lè máa sọ tí òbí rẹ̀ lọ́jà Treichville kò fura sí

Ẹni tó bá wọ Grand Marché ní Treichville, nílùú Abidjan, kò ní rìn jìnnà kó tó gbọ́ èdè Yorùbá. Anago ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe àwọn tó ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò fúnra rẹ̀. Àwọn òbí ń tajà, àwọn ọmọ ń lọ sí yunifásítì. Owó tí wọ́n pa lórí ìsọ̀ ń kọjá lórí afárá ọ̀sà lọ sí Cocody, níbi tí Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny wà, láti san owó ilé, owó ìwé àti owó oúnjẹ.

Ohun tó máa ń ṣòro láti gba orí afárá náà padà wálé ni ìròyìn pé nǹkan kò lọ déédéé. Ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kàn ṣókùnkùn láìsí ìdí kan tó lè tọ́ka sí, mọ iye wákàtí tí ìyá rẹ̀ fi ń dúró ti ọjà lójúmọ́. Bí ìyá bá pè é lórí fóònù, yóò ní kò sí wàhálà. Bó bá sì fẹ́ sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò ní orí ń fọ́ òun.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ó lé ní 720,000 èèyàn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún. Láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 15 sí 29, òun ni ó gba ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù lọ lágbàáyé. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ikú bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Ikú tó ṣeé dènà ni, bí ẹni tó wà nítòsí bá tètè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Orí ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti jẹ́ ọ̀gá. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń wá pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: orí ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú kò lè ka ìwé mọ́, ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. Lọ́dún 1960 ó kọ̀wé lórí rẹ̀, ó sì pè é ní 'brain fag', orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pè é. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni, àbí àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló gba ọ̀nà orí jáde.

Orúkọ tí a bá sọ ọ́ kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọlọ́jà. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé ọmọ Yorùbá kì í sábà sọ pé òun ní àárẹ̀ ọkàn. Yóò ní orí òun ń gbóná, òun kò rí oorun sùn, nǹkan gbogbo sú òun. Ìyá yóò sì ra oògùn ibà. Kò ṣe ohun tó burú, nítorí ibà wọ́pọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti wo ibà tán tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọmọ kò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀, tó ń sá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò lọ sí kíláàsì mọ́, ó ti kọjá ohun tí oògùn ibà lè wò. Èyí tó burú jù ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn èèyàn, tàbí kó máa sọ pé ẹrù lásán ni òun jẹ́ fún ẹbí.

Òwe kan àti ìgbe kan

'Ikú yá ju ẹ̀sín.' Àwọn àgbà fi òwe yìí kọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí, pé kí èèyàn má ṣe jalè, kí ó má ṣe dalẹ̀. Kò kan ọmọ ogún ọdún tí kò yege nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa á nídìí ìsọ̀, bóyá nípa ọmọ aládùúgbò, lè máà mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ wà nítòsí, ó sì ń gbọ́.

Ìgbe náà ni 'Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!' Kò sí òbí tí kò ní ké e bí ọmọ bá ní ayé sú òun. Inú rere ni ó ti ń wá, àmọ́ ó máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́, nítorí ó ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ òun jẹ́ èèwọ̀. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá dárúkọ ikú, àwọn yóò fi sí ọmọ lọ́kàn. WHO sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: bíbi èèyàn léèrè tààrà kì í tì í síbẹ̀, ó sábà máa ń mú kí ara tù ú. Ìbéèrè náà kò gbọ́dọ̀ le: 'Ọmọ mi, ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi pé kí o má sí láyé mọ́?' Lẹ́yìn náà kí ìyá dákẹ́, kó gbọ́. Èsì ìdánwò lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn ìlera inú ilé pamọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó o. Ìgbésẹ̀ yìí lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí èrò náà máa ń dé bí ìjì, ó sì máa ń rọlẹ̀. Ní Sri Lanka, lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de àwọn apakòkòrò tó lóró jù, irú ikú yìí lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ogún ọdún. Lọ́dún 2019, NAFDAC ní Nàìjíríà náà fòfin de títa irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan nínú ìgò kéékèèké. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń tà á lọ́jà pẹ̀lú.

Ìtìjú kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ iléèwé nìkan. Grégoire Ahongbonon, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó ń tún táyà ṣe ní Bouaké, ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí òwò òun dẹnu kọlẹ̀, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Kò kú. Òun ló dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, tó ń tú àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè wọ́n, tó sì ń tọ́jú wọn.

Òfin pẹ̀lú ti kó ìbẹ̀rù bá àwọn èèyàn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i fún ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú. Ghana yọ irú òfin bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́dún 2023.

Ibo ni kí ẹ lọ?

Ní Abidjan, nọ́ḿbà SAMU fún pajáwìrì ni 185. Ilé ìwòsàn ńlá CHU wà nínú Treichville kan náà, ilé ìwòsàn ọpọlọ sì wà ní Bingerville láti ọdún 1962. Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ḿbà pajáwìrì. Aro wà ní Abẹ́òkúta, UCH wà ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà sì ní ẹ̀ka kan tó dá lórí dídènà irú ikú yìí, tí wọ́n ń pè ní SURPIN. Àlùfáà tàbí àáfà lè bá wọn gbàdúrà, kí wọ́n sì tún lọ rí dókítà.

Bí Faransé ìyá kò bá jinlẹ̀, kí ó mú ẹnì kan tó fọkàn tán dání láti ṣe ògbufọ̀. Kó má ṣe jẹ́ ọmọ náà ni yóò máa túmọ̀ ìrora ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú dókítà, nítorí ó lè yọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kúrò níbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má baà sunkún.