Ìròyìn Sáyẹ́ǹsì Tó Ti Ẹdẹ Jáde

Oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba ti iléèwé pa nítorí àrùn kòrónà, ni ọ̀pọ̀ òbí di tísà tipátipá. Àwọn kan ti ń kọ́ ọmọ wọn nílé kó tó dìgbà náà, wọn ò sì jáwọ́ nígbà tí iléèwé ṣí. Òfin UBE ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ lọ iléèwé títí yóò fi parí JSS 3. Síbẹ̀, ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì kankan lè forúkọ sílẹ̀ fún GCE lọ́dọ̀ WAEC. Ìwé ìṣirò wà lọ́jà fún un, tísà lẹ́sìnnì sì wà ládùúgbò. Ìròyìn ni kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti wádìí parí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ ló kún inú ìwé sáyẹ́ǹsì ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì báyìí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ẹdẹ ò ní láti wá a lọ jìnnà. Inú Redeemer's University, ní ìlú Ẹdẹ yìí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ibùdó ìwádìí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ACEGID wà, níbi tí wọ́n ti ń ka àbùdá àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn bíi Lassa àti Ebola. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù, àti Pardis Sabeti ti Harvard ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó fowó tì í lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò l'Ékòó fi hàn pé ará Ítálì kan tó wọ Nàìjíríà ti kó kòrónà. Wọ́n fi díẹ̀ lára ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹdẹ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti ka lẹ́tà bíi 30,000 tó para pọ̀ di àbùdá kòkòrò náà tán, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè rí i lò. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti U, ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jókòó ti ìyá rẹ̀, kó da ìlà kan kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó ṣi lẹ́tà kan kọ lójú ọ̀nà, kó sì wo bí àṣìkọ náà ṣe ń bá àwọn tó kù lọ. Bí irú kòrónà tuntun ṣe ń yọjú nìyẹn. Irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ fi ń tọ ipasẹ̀ àrùn láti ìlú dé ìlú.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni wọ́n ti rí irú kan tí wọ́n pè ní B.1.1.207. Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ àti ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n gba àpẹẹrẹ méjì tí wọ́n ti rí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, ariwo ti gba ayé kan pé kòrónà tuntun bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò le tó bẹ́ẹ̀: wọ́n ní kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ń tàn kálẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ òbí wà. Kó tẹ́ ìròyìn àti ọ̀rọ̀ onímọ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ, kó bi í pé: ta ló sọ èyí? Èèyàn mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Ìgbà wo? Àkọlé ìròyìn kì í sábà dáhùn, àwa tí à ń kọ ọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A rí ohun tí àìbéèrè ń fà ní ọdún 2014. Ebola mú èèyàn 20 ní Nàìjíríà, 8 kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó ní iyọ̀ ń dènà Ebola ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sídìí omi iyọ̀ lóru: wọ́n fi wẹ̀, wọ́n mu ún. Àjọ náà ní ó kéré tán, èèyàn méjì ló bá omi iyọ̀ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni ibùdó ìwádìí Ẹdẹ fi ń kọ àbájáde rẹ̀. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ń gbé ìròyìn ìlera jáde lédè wa, àmọ́ kò lè dáhùn ìbéèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òbí mẹ́ta mẹ́rin tó kó ọmọ wọn jọ, tí wọ́n kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà pé àwọn fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń ka àbùdá kòkòrò, kò béèrè ohun tó pọ̀ jù.