Kálsíọ̀mù àti ìyípadà ìrísí nínú olú Histoplasma

Histoplasma capsulatum jẹ́ olú tín-ín-rín tó ní ìrísí méjì. Nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ àdán tàbí ti ẹyẹ pọ̀ sí, ó máa ń nà bí fọ́nrán òwú, irú èyí tí a ń rí lára búrẹ́dì tó ti bu. Nínú ara ènìyàn, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 37 °C, ó máa ń di sẹ́ẹ̀lì róbótó gẹ́gẹ́ bí ìwúkàrà. Ìwúkàrà kì í ṣe àjèjì láàárín Yorùbá: ó wà nínú ẹmu, ó sì wà nínú ògì, tí Federal Institute of Industrial Research ní Òṣòdì, ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣèwádìí nípa bí ó ṣe ń kan. Ṣùgbọ́n àìsàn ni ti Histoplasma ń fà.

Ooru ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìyípadà ìrísí yìí. Kálsíọ̀mù náà sì ní ipa tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì olú kì í jẹ́ kí kálsíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìnira bá dé, ọ̀nà ara sẹ́ẹ̀lì yóò ṣí, kálsíọ̀mù yóò wọlé, purotéènì tí a ń pè ní calmodulin yóò gbá a mú, yóò sì ta calcineurin jí, kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn jíìnì. Ìránṣẹ́ ni kálsíọ̀mù níhìn-ín.

Ní 1997, àwọn onímọ̀ fi hàn pé Histoplasma tó wà ní ìrísí fọ́nrán kò lè dàgbà níbi tí kálsíọ̀mù ti ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó dà bí ìwúkàrà lè ṣe é. Ìrísí kejì yìí máa ń tú purotéènì CBP1, tó ń di kálsíọ̀mù mú, síta. Nígbà tí wọ́n yọ jíìnì rẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn 2000 ti sọ, olú náà kò lè pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ara tó gbé e mì mọ́. Ìwádìí ẹ̀yìn náà fi hàn pé iṣẹ́ CBP1 ju dídi kálsíọ̀mù mú lọ.

Ẹ̀yà duboisii, tí a ṣàpèjúwe ní 1952, ni ti ilẹ̀ Áfíríkà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀yà kejì lọ dáadáa. Ní 1994 ni a ròyìn pé wọ́n rí i nínú ilẹ̀ ihò àpáta àdán kan ní Ogbunike, ìpínlẹ̀ Anambra. Ó máa ń mú kókó jáde lára awọ àti egungun, tí àwọn dókítà sì lè pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í pa olú. Àyẹ̀wò ẹran ara lábẹ́ maikirosíkóòpù ni ó ń fi àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá náà hàn, kí a tó lo itraconazole tàbí amphotericin B.