Ara Tó Ń Ro Láìwú: Ohun Tí Ìdárayá Ń Ṣe fún Ẹni Tó Ní Fibromyalgia

Tí obìnrin kan bá ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Navy Town ní Èkó kó lè dé Mile 2 kí ọ̀nà Badagry tó dí, tó wá ń sọ lójoojúmọ́ pé gbogbo ara ń ro òun láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní ó ń ṣe é. Tí ibà bá lọ tí ara kò yé ro, wọ́n á ní taifọ́ọ̀dù ni. Tí kì í bá ṣe taifọ́ọ̀dù, ó di làkúrègbé. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá wá jáde tí kò fi nǹkan kan hàn, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ọ̀lẹ wò ó. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fibromyalgia ló ń bá a fínra.

Àìsàn yìí máa ń mú kí ara ro káàkiri fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tó ní in á sùn, oorun ò ní sinmi í. Á jí pẹ̀lú àárẹ̀, á sì máa gbàgbé nǹkan. Kárí ayé, nǹkan bí ènìyàn 2 sí 4 nínú 100 ló ní in, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Amẹ́ríkà là á kalẹ̀ pé kí wọ́n máa tẹ ojú ibi 18 lára aláìsàn. Tí 11 níbẹ̀ bá dùn ún, òun náà nìyẹn. Ní 2010 wọ́n gbé ìlànà mìíràn jáde tí kò ní títẹ̀ nínú mọ́: ibi tó ń ro, bí oorun ṣe rí, bí àárẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ni dókítà á béèrè. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò X-ray kan tó máa fi àìsàn náà hàn.

Nǹkan méjì ló ń lọ lábẹ́ ara tó yẹ ká mọ̀ kí ọ̀rọ̀ ìdárayá tó lè yé wa. Èkíní ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní inflammation. Tí ẹ̀gún bá gún ọmọ lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á máa ro, nítorí pé àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, ti dé síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí bárékè mọ̀ pé sójà kì í ṣí láìgba àṣẹ. Èròjà kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni àṣẹ tàwọn ti inú ara, bíi IL-6, IL-8 àti TNF. Tí ọgbẹ́ bá ti jinná, ó yẹ kí àṣẹ náà dáwọ́ dúró. Àmọ́ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní fibromyalgia, àwọn olùwádìí ti rí i pé IL-6 tàbí IL-8 ga ju bó ṣe yẹ lọ, láìsí ọgbẹ́, láìsí kòkòrò. Ó ga díẹ̀ ni o. Kò tó èyí tó ń wú oríkèé. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fi wá inflammation ní ọsibítù, ESR àti CRP, fi sábà máa ń jáde dáadáa, òun náà ló sì fà á tí ibuprofen àti diclofenac kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún irú ìrora yìí.

Èkejì ni pákáǹleke. Tí ewu bá dé, tàbí tí ọkọ̀ kò rìn ní Iyana-Iba tí ọ̀gá sì ń pe fóònù, ọpọlọ á pàṣẹ kí cortisol jáde láti inú ẹran kékeré tó wà lórí kíndìnrín, àwọn fọ́nrán ìmọ̀lára náà á sì tú noradrenaline. Àyà á máa lù, iṣan á le. Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tí ewu bá kọjá, ṣùgbọ́n ti onífibromyalgia kì í tètè rọlẹ̀. Cortisol wà lára ohun tó ń dá inflammation dúró. Tí ìṣesí rẹ̀ bá dàrú, nǹkan méjèèjì á máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn náà á wá máa fi kún ìròyìn ìrora tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, títí ìfọwọ́kàn lásán á fi máa dunni.

Oorun kó ipa ńlá níbẹ̀. Ní 1975, Harvey Moldofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà mú àwọn tí ara wọn le, wọ́n ń fi ariwo dí wọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí oorun wọn bá ti fẹ́ wọra. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n bí ara onífibromyalgia. Nígbà tí mo bá rántí iye jẹnẹrétọ̀ tó ń dún mọ́jú ní Okokomaiko, ìwádìí yìí kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ibi tí ìdárayá ti wọlé nìyí, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ máa ń tú IL-6 jáde, èròjà kan náà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀sùn kàn. Lẹ́yìn eré ìje gígùn, ó lè di ìlọ́po 100 nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà fi rò pé iṣan tó fara pa ló fà á. Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen ló fi hàn pé iṣẹ́ mìíràn ni IL-6 tó ti inú iṣan wá ń ṣe: ó ń pe IL-10 jáde, èyí tó ń pàṣẹ pé kí sójà padà sílé, ó sì ń dí TNF lọ́nà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá ní oró bakitéríà díẹ̀. Lára àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́, TNF lọ sókè. Lára àwọn tó ti ń wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó gba oró náà, kò lọ sókè.

Ara pípé nìyẹn. Ti onífibromyalgia ńkọ́? Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Extremadura ní Sípéènì ní kí àwọn obìnrin tó ní àìsàn náà àti àwọn tí kò ní in wa kẹ̀kẹ́ àwàdúró fún ìṣẹ́jú 45, ní ìwọ̀n tí kò le jù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, IL-8 àti noradrenaline ti ga lára àwọn aláìsàn. Nígbà tí wọ́n parí, méjèèjì wálẹ̀, nígbà tí ti àwọn tí ara wọn dá ń gòkè. Àwọn tó kópa kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á wo ìrora sàn. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìdárayá kan náà mú ara tó balẹ̀ gbéra díẹ̀, ó sì mú ara tó ti gbéra jù balẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e: “Ṣé gbogbo ìrìn tí mò ń rìn ní ọjà Alaba láti àárọ̀ kì í ṣe ìdárayá ni?” Ó dùn mí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ru páálí tẹlifíṣọ̀n, tó sáré lé danfo, tó sì dúró nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́ lo iṣan rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ìkánjú ló ti lò ó. Kò yan ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti dúró. Noradrenaline kò ráyè wálẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara àwọn ẹlòmíràn máa ń dín ìrora kù fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ agbára. Ti onífibromyalgia kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, iṣẹ́ àṣejù sì lè mú kí ìrora pọ̀ sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbìyànjú ìdárayá lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń sá fún un títí láé.

Nítorí náà, kí aláìsàn má ṣe bá àwọn ológun sá eré òwúrọ̀ wọn. Ìrìn ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó láti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí oòrùn tó mú. Kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un tí ara bá ti gbà á, títí yóò fi dé 20 tàbí 30. Ìwọ̀n tó dára ni èyí tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Ara lè ro díẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tó bá ro jù, kí ó rin ìdajì, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ pátápátá. Ìdárayá nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rí irú omi bẹ́ẹ̀ nítòsí Iba?

Àǹfààní rẹ̀ kì í yá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kì í ṣe ọjọ́ mélòó kan. Àkójọ ìwádìí 13 tí Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, gbé jáde ní 2017, tí ènìyàn 839 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ìdárayá mú kí ìgbé ayé àwọn aláìsàn dára sí i, ó sì ṣeé ṣe kó dín ìrora kù díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré: nígbà tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Yúróòpù, yẹ gbogbo ìtọ́jú àìsàn yìí wò, tí wọ́n tẹ èrò wọn jáde ní 2017, ìdárayá nìkan ni wọ́n fún ní ìmọ̀ràn tó lágbára. Oògùn kankan kò gba irú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa po oògùn ara ríro fún yín ní kẹ́míìsì. Wọ́n lè fi prednisolone tàbí dexamethasone sínú rẹ̀. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ méjì, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè tẹ̀lé e, eegun náà lè di ahẹrẹpẹ. Ọsibítù ológun ojú omi wà nínú Navy Town níbẹ̀, ẹ̀ka tó ń rí sí irú àìsàn yìí sì wà ní LASUTH, ọsibítù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ thyroid, lupus tàbí rheumatoid arthritis ni. Tí oríkèé bá ń wú, tí ibà ń wá ní alaalẹ́, tí ènìyàn ń rù láìmọ ìdí, tàbí tí àyà ń dùn ún tó bá ń rìn, nǹkan mìíràn nìyẹn, kí ó sì tètè lọ fi han dókítà.